Másítáàsì nínú ìṣàkóso ìjọba, láìfi iṣẹ́ sílẹ̀: Keffi ni, NOUN ni, àbí kí n ṣì dúró?

Ìyá Tolú (Kubwa)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí láìdá sí i, àmọ́ tèmi ló kàn lónìí.

Zoology ni mo kà ní yunifásítì. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo ríṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ní 2019, ẹ̀ka ìṣàkóso ni wọ́n jù mí sí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ mẹ́mò, tí mo ń tẹ̀ lé fáìlì láti tábìlì dé tábìlì, tí mo ń bá wọn ṣe ìṣúnná owó ọdọọdún, kò sì sí ẹni tó jókòó kọ́ mi rí. Ojú ni mo fi ń kọ́ ọ. Bí ọ̀gá bá fa ìlà pupa sí gbólóhùn mi, màá mọ̀ pé kò dáa. Ìdí tí kò fi dáa, Ọlọ́run ló yé.

Ipele 9 ni mo wà báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ọ̀gá mi obìnrin pè mí, ó ní, "Ìyá Tolú, lọ kàwé sí i, orí ẹ pé." Mo fẹ́ lọ. Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé mi ò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọmọ méjì ni mo ní, èyí àbúrò ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún mẹ́ta. Kaduna ni bàbá wọn ti ń ṣiṣẹ́, alẹ́ Jímọ̀ ló ń dé, ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè ló ń padà. Kubwa là ń gbé, Sẹkitéríàtì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, aago mẹ́rin àbọ̀ ìdájí ni mo sì ń jí. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ wa ni mo ti fẹ́ yá owó tí màá fi sanwó iléèwé.

Àwọn kan ní kí n lọ yunifásítì tó wà ní Keffi, àwọn kan ní NOUN, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tí èèyàn ti ń kàwé láti ilé. Àǹtí mi tó wà ní Birmingham ní kí n má fi àkókò ṣòfò, kí n wá sọ́dọ̀ òun. Ẹ̀yin tí ẹ ti rin ọ̀nà yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye.

Ọmọ Gwarinpa

Àǹtí, ẹ jẹ́ n sọ ohun tí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi ò ní sọ. Másítáàsì kì í gbé òṣìṣẹ́ ọba sókè. Láti ipele 7 dé 14, ọdún mẹ́ta mẹ́ta lẹ máa lò kí wọ́n tó pè yín fún ìdánwò ìgbéga. Láti 15 lọ sókè, ọdún mẹ́rin mẹ́rin. Ẹ kàwé, ẹ ò kàwé, kàlẹ́ńdà ò yí padà. Tí ẹ bá tún yege tán tí kò sí àyè, ẹ padà sórí àga yín.

Ẹnu ọ̀nà ni ìwé yẹn ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá mú un wọlé, ipele 9 ni wọ́n ń gbé e sí. Ẹni tó mú dìgírì àkọ́kọ́ wọlé, 8 ló ti máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ti wọlé ná, ẹ sì ti fi ẹsẹ̀ ara yín dé 9. Ọkùnrin kan wà lọ́fíìsì wa tó ní másítáàsì méjì. Èmi àtòun la jọ ń gbé àga síta nígbà tí iná bá lọ.

Ẹ fi owó yẹn ra ilẹ̀ sí Karshi.

Ọmọ Ìlọrin ní Mararaba

Ẹ má dá a lóhùn, ilẹ̀ ló ń tà.

Keffi ni mo ti ń kàwé, ní yunifásítì ìpínlẹ̀ Nasarawa, mo ti wà lọ́dún kejì. Jímọ̀ àti Sátidé ni púpọ̀ nínú kíláàsì wa ń bọ́ sí, òṣìṣẹ́ láti Abuja ló sì kún ibẹ̀. Ìwé kíkà ò le tó ọ̀nà. Láti Kubwa, ẹ máa já sí AYA, ẹ máa gba Nyanya, Mararaba, Masaka, kí ẹ tó rí Keffi. Ọjọ́ tó bá dáa, ó dáa. Ọjọ́ tí kò bá dáa, ẹ máa ro ìgbésí ayé yín láti kékeré títí ẹ fi dàgbà nínú ọkọ̀.

Ọjọ́ kan wà tí ọkọ̀ wa dúró gbagidi láàárín Nyanya sí Mararaba fún bíi wákàtí kan àbọ̀. Òjò ń rọ̀, gíláàsì fèrèsé ò ṣe é wálẹ̀, ẹnì kan sì gbé adìyẹ méjì sẹ́bàá ẹsẹ̀ mi. Mo yọ ìwé tí olùkọ́ ní ká kà jáde, òjò ti kan etí rẹ̀. Ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Charles Lindblom ló kọ ọ́ ní 1959. Ohun tó sọ ni pé àwọn tó ń ṣètò ìlú kì í lè mọ gbogbo nǹkan tán kí wọ́n tó pinnu. Ibi tí wọ́n bá wà náà ni wọ́n ti ń sún díẹ̀, wọ́n á wò ó bóyá ó dáa, wọ́n á tún sún díẹ̀. Ọlọ́pàá kan tó jókòó tì mí ń yọjú wo ìwé náà, ó ní, "Kí ni òyìnbó yìí ń sọ?" Mo ní, "Ó ní súnkẹrẹ fàkẹrẹ ni ìjọba fi ń ṣiṣẹ́." Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín, títí kan awakọ̀. Láti ọjọ́ náà, ẹ lè jí mi lóru kí ẹ bi mí ní Lindblom.

Ohun tí mo rí gbà jù níbẹ̀ kì í ṣe ìwé o, àwọn ọmọ kíláàsì mi ni. Ẹnì kan ń ṣiṣẹ́ ní káńsù, ẹnì kan jẹ́ sọ́jà, ìyá kan ń rí sí ọ̀rọ̀ rírajà fún ìjọba. Nígbà tí olùkọ́ bá ń ṣàlàyé òfin ìrajà ìjọba ti 2007, ìyá yẹn á dìde, á ní, "Sà, ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é gan-an." Owó tí mo san ò dùn mí mọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Àmọ́ Ìyá Tolú, ẹ ro ti Sátidé. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí bàbá àwọn ọmọ máa wà nílé látàárọ̀ dalẹ́ ni iléèwé máa gbà lọ́wọ́ yín.

Ìyá Tolú (Kubwa)

Ẹ ò rí i, ohun tí mo ń bẹ̀rù gan-an lẹ sọ yẹn. Ọkọ mi ní kò burú, òun á máa tọ́jú àwọn ọmọ. Ó sọ ọ́ lọ́nà tí ọkùnrin fi ń sọ pé kò burú.

Ìbéèrè mìíràn rèé. Ọ̀rẹ́ mi kan lọ́fíìsì ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí ilé ayé. Ó ní kí n rọra kà á tán, kí n wá gbé sátífíkéètì jáde bí ẹni gbé ọmọ tuntun jáde. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é?

Bàbá Ìkìrun

Ọmọ mi, má dán an wò. Ọ̀rẹ́ rẹ ò fẹ́ ibi fún ọ, àmọ́ ọgbọ́n tó ń kọ́ ọ yẹn ló jẹ mí ní ọdún mẹ́rin.

Mo wọ iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ní 1984, ní Èkó. Nígbà tí wọ́n kó olú ìlú wá sí Abuja ní oṣù Kejìlá 1991, wọ́n kó àwa náà mọ́ àga àti tábìlì. Ní 1996, mo forúkọ sílẹ̀ fún másítáàsì níbì kan tí mi ò ní dárúkọ, ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ ni. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, mo rò pé mo gbọ́n. Ní 1998, mo gbé ìwé ẹ̀rí mi lọ fún ẹni tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Ó ṣí fáìlì mi láti ẹ̀yìn bọ̀ síwájú, ó tún ṣí i láti iwájú lọ sẹ́yìn, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní, "Ta ló ní kí o lọ?" Mo ní alẹ́ ni mo ń lọ, mi ò pa iṣẹ́ jẹ. Ó ní òun gbọ́, pé ìwé ìyọ̀ǹda dà? Kò sí. Ó da sátífíkéètì mi padà fún mi tọwọ́tọwọ́, bí ìgbà tí èèyàn bá ń dá owó ayédèrú padà fún oníbàárà. 2002 ni wọ́n tó kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ iṣẹ́ mi, lẹ́yìn lẹ́tà tí mi ò lè ka iye rẹ̀ mọ́. Àwọn méjì tí mo ṣáájú wọlé ti di ọ̀gá mi nígbà yẹn.

Iṣẹ́ ọba ò mọ ojú, fáìlì ló mọ̀. Nítorí náà, kí o tó ra fọ́ọ̀mù, kọ lẹ́tà. Kọ orúkọ ẹ̀kọ́ náà sí i, kọ orúkọ iléèwé, kọ iye ọdún tí yóò gbà, sọ pé òpin ọ̀sẹ̀ tàbí orí íntánẹ́ẹ̀tì ni, pé kò ní dí iṣẹ́ lọ́wọ́, pé o ò béèrè owó lọ́wọ́ ìjọba. Sọ bí ẹ̀kọ́ náà ṣe kan iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún ọ. Ìwọ tí o ka Zoology tí o ń kọ mẹ́mò, ìyẹn ò ní nira fún ọ láti ṣàlàyé. Jẹ́ kó gba ọwọ́ ọ̀gá rẹ kọjá, kí ó buwọ́ lù ú pé òun faramọ́ ọn. Ṣe ẹ̀dà kan, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ gbígbà sí i, kí o gbé e lọ sílé. Lẹ́yìn náà, lọ wo fáìlì rẹ fúnra rẹ bí wọ́n bá gbà fún ọ, tàbí kí o bẹ ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀: ṣé wọ́n ti so lẹ́tà náà mọ́ ọn, ṣé wọ́n ti fi bírò pupa kọ nọ́ńbà sí igun rẹ̀? Ìwé tí kò bá ní nọ́ńbà nínú fáìlì, afẹ́fẹ́ ni.

Ohun tí mo ń sọ yìí yàtọ̀ sí kí èèyàn gba àyè lọ kàwé lójúmọmọ kí ìjọba máa sanwó oṣù fún un. Ìyẹn ní ìlànà tirẹ̀, ó sì le ju báyìí lọ. Bí o bá fẹ́ ka Òfin Iṣẹ́ Ọba fúnra rẹ, èyí tí wọ́n tún ṣe ní 2021 ni kí o wá, òun ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 27 oṣù Keje 2023. Ti 2008 ṣì wà lórí tábìlì ọ̀pọ̀ ọ̀gá tí wọ́n ń fi í dẹ́rù bani.

Ìyá Tolú (Kubwa)

Bàbá, ẹ ṣé púpọ̀. "Bí ìgbà tí èèyàn bá ń dá owó ayédèrú padà" yẹn bà mí nínú jẹ́.

Lugbe ni mo wà

Ẹ jẹ́ n gbèjà NOUN kí àwọn kan tó dé pẹ̀lú òkò.

Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni ẹ máa gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn, pé wọn kì í gba ìwé wọn. Ohun tó wà nídìí ẹ̀ ni pé nígbà kan, wọn kì í jẹ́ kí àwọn tó gba dìgírì àkọ́kọ́ níbẹ̀ lọ sìnlú, wọn kì í sì jẹ́ kí àwọn tó ka òfin lọ sí iléèwé amòfin. Wọ́n ti tún òfin yunifásítì náà ṣe ní oṣù Kejìlá 2017 nítorí ìyẹn. Ó tiẹ̀ ní ìtàn ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ: ìjọba Shagari dá a sílẹ̀ ní 1983, ìjọba ológun tì í pa ní 1984, ìjọba Ọbásanjọ́ ló tún un ṣí. Olú iléeṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn ní Jabi.

Mo ka MPA níbẹ̀, ìyẹn másítáàsì nínú ìṣàkóso ìjọba. Iṣẹ́ àṣetiléwá orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní TMA gba 30, ìdánwò gba 70. Kò sí olùkọ́ tó máa pè yín pé ẹ ò wá. Ìyẹn ló dùn nínú ẹ̀, òun náà ló burú nínú ẹ̀. Aago méjì òru ni mo ń kàwé, nígbà tí àwọn ọmọ bá ti sùn tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bá ti dákẹ́. Sáà kan wà tí mo gbàgbé TMA kan pátápátá, ọjọ́ ti kọjá kí n tó rántí, mo fi 30 yẹn ṣòfò bí ẹni da omi sílẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ wọn sí ara ilẹ̀kùn fíríìjì.

Ohun tí ẹ máa pàdánù ni ìyá olówò ìjọba tí Ọmọ Ìlọrin sọ yẹn, ẹni tó ń dìde ní kíláàsì. Èmi ò ní irú ẹ̀. Èmi àti fóònù mi la jọ kàwé.

Àmọ́ ní 2022, nígbà tí àwọn olùkọ́ yunifásítì yanṣẹ́ lódì fún oṣù mẹ́jọ, àwa ń ṣe ìdánwò wa lọ.

Alhaja Rìgásà

Oṣù mẹ́jọ yẹn! Ẹ má rán mi létí.

Èmi Zaria ni mo lọ, ní ọgbà Kongo ti Yunifásítì Ahmadu Bello. Àwọn tí kò bá mọ̀, iléèwé ìṣàkóso tó wà ní Kongo ti wà láti ayé òyìnbó, kí Yunifásítì Ahmadu Bello tó bẹ̀rẹ̀ ní 1962. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ilẹ̀ Haúsá ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ́ níbẹ̀. Abuja ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà yẹn, Rìgásà ní Kaduna ni ilé wa. Ètò mi dára lórí ìwé: rélùwéè láti Idu dé Rìgásà, kí n sùn sílé mi, kí n wọkọ̀ lọ Zaria láàárọ̀.

Ọjọ́ 14 oṣù Kejì 2022 ni ìyanṣẹ́lódì bẹ̀rẹ̀. A ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni, kò le. Ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ni wọ́n kọlu rélùwéè Abuja sí Kaduna, àwa tí à ń wọ̀ ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ jókòó a ń ka orúkọ àwọn èèyàn. Rélùwéè ò rìn mọ́ títí di oṣù Kejìlá ọdún náà. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ni àwọn olùkọ́ padà. Ẹ̀kọ́ tó yẹ kí n fi ọdún méjì kà, ọdún mẹ́rin ló gbà mí.

Mi ò kábàámọ̀ o. Mo mọ nǹkan níbẹ̀ gan-an. Ohun tí mo ń sọ ni pé, bí iléèwé bá sọ ọdún méjì fún yín, ẹ kọ mẹ́ta sínú lẹ́tà tí Bàbá ní kí ẹ kọ yẹn. Tí ọdún bá kọjá èyí tí ẹ kọ, wọ́n tún máa ní kí ẹ wá ṣàlàyé.

Ẹ sì bá mi kí bàbá Tolú tó ń lọ tó ń bọ̀ lójú ọ̀nà Kaduna. Mo mọ ohun tó ń ṣe.

Olùkọ́ Gwagwalada

Ẹ kú ìjíròrò. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe, nítorí náà ẹ gbà mí láyè kí ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀.

Ìyá Tolú, ẹ ò tíì sọ irú èyí tí ẹ fẹ́, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í sì í béèrè títí wọ́n fi ń sanwó. MPA, ìwé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ni. Ẹ máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣètò owó ìlú, bí wọ́n ṣe ń darí òṣìṣẹ́, bí wọ́n ṣe ń gbé ìlànà kalẹ̀, tí wọ́n sì ń wò ó bóyá ó ṣiṣẹ́. M.Sc., ìwé ẹni tó fẹ́ ṣèwádìí ni. Tí ọkàn yín bá ń sọ fún yín pé lọ́jọ́ iwájú ẹ lè fẹ́ di ọ̀mọ̀wé, ẹ béèrè lọ́wọ́ iléèwé kí ẹ tó wọlé, bóyá wọ́n á gbà yín sí PhD pẹ̀lú MPA. Ọ̀pọ̀ yunifásítì wa ni yóò ní kí ẹ lọ ka òmíràn kún un. Mo ti rí àgbàlagbà tó sunkún nítorí èyí.

Ẹ̀kejì, èyí tó jẹ mí lógún jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òṣìṣẹ́, iṣẹ́ ìwádìí tí ẹ ń kọ ti sú wa. Lọ́dọọdún, "Ipa tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ń kó nínú iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní iléeṣẹ́ báyìí báyìí." Ẹ pín fọ́ọ̀mù ìbéèrè, àwọn ọ̀rẹ́ yín kọ "mo gbà pátápátá" sí gbogbo ẹ̀, ó parí. Nǹkan tí àwa olùkọ́ ń wá kiri tí a ò rí wà lórí tábìlì yín! Ẹ lè mú ogún fáìlì tó ti parí, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda ọ̀gá, kí ẹ kọ ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dé tábìlì kan àti ọjọ́ tó kúrò níbẹ̀, kí ẹ wá sọ fún wa ibi tí ọjọ́ ń sọnù sí. Kò sí fọ́ọ̀mù ìbéèrè kankan. Tàbí kí ẹ wo ohun tó yí padà lọ́fíìsì yín láti 2015 tí ìjọba àpapọ̀ ti ní kí gbogbo owó wọ àpò kan ṣoṣo ní báǹkì àpapọ̀. Tàbí ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀ Oronsaye: wọ́n jábọ̀ ní 2012 pé kí ìjọba dín àjọ 263 kù sí 161, ó di oṣù Kejì 2024 kí ìjọba tó ní ká bẹ̀rẹ̀. Kí ló gba ọdún méjìlá yẹn? Ẹni tó bá fi ẹ̀rí dáhùn ìyẹn dáadáa, èmi fúnra mi á ka iṣẹ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, tí kì í sì í ṣe àṣà mi.

Gbénga HND

Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀. Àwa tí a wọlé pẹ̀lú HND ńkọ́? Ipele 14 ni òrùlé wa.

Olùkọ́ Gwagwalada

PGD, dípúlómà tó ṣáájú másítáàsì, ni ẹ máa kọ́kọ́ ṣe, lẹ́yìn náà ni másítáàsì. Ní ti òrùlé yẹn, bóyá másítáàsì á ṣí i fún yín tàbí kò ní ṣí i, ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, títí kan èmi. Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì yín, kí wọ́n fèsì lórí ìwé, kí ẹ tó ná kọ́bọ̀.

Arẹwà Jabi

Èmi kì í ṣe òṣìṣẹ́ ọba o, àjọ aládàáni ni mo wà, ṣùgbọ́n Chevening, ètò ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ ti ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé mi lọ UK ní 2021 láti ka ìlànà ìjọba, nítorí náà mo lè dáhùn ti àǹtí Birmingham.

Chevening ń sanwó iléèwé àti owó oúnjẹ fún ọdún kan. Ó kéré tán, ẹ gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì, ẹ sì gbọ́dọ̀ padà wá gbé nílé fún ọdún méjì lẹ́yìn ẹ̀. Iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe láti 2019 ti ju èyí lọ. Fún Oxford, àjọ kan wà tí wọ́n ń pè ní AIG, ó ń ran àwọn ọmọ Nàìjíríà lọ́wọ́ láti ka ìlànà ìjọba níbẹ̀. Harvard ní MPA ọlọ́dún kan fún àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n á ní kí ẹ ti ṣiṣẹ́ fún ọdún méje.

Tí ẹ bá ní ẹ fẹ́ fi owó ara yín lọ, ẹ fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Láti oṣù Kẹfà 2023 tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀, owó alájẹṣẹ́kù ò dé ibì kankan mọ́ ní pọ́ń-ùn. Bẹ́ẹ̀ sì ni láti oṣù Kìíní 2024, àwọn tó ń fi owó ara wọn lọ ka irú másítáàsì yìí ní UK ò lè kó ọkọ tàbí ọmọ dání mọ́. Àǹtí yín ò níí fi ìyẹn sọ̀rọ̀.

Kí ni mo kọ́ níbẹ̀ tí mi ò lè kọ́ nílé? Ká sọ òótọ́, nǹkan kan ṣoṣo: wọ́n á fún wa ní ìṣòro láàárọ̀ Mọ́ńdè, ní ọ̀sán Jímọ̀ wọ́n á gba ojú ewé méjì lọ́wọ́ wa. Ojú ewé méjì péré. Kí ni ìṣòro náà, ọ̀nà mélòó ló wà, èló ni ọ̀kọ̀ọ̀kan máa ná wa, ta ló máa bínú, èwo lo ní ká ṣe. Ojú ewé mẹ́jọ ni mo kọ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Olùkọ́ náà ya mẹ́fà kúrò lójú mi, ó ní ká máa lọ.

Ọmọ Gwarinpa

Gbogbo yín ti sọ̀rọ̀ tó dùn, àmọ́ ẹ ò tíì dá mi lóhùn. Owó oṣù rẹ̀ ńkọ́? Àbí ojú ewé méjì ló máa fi sanwó iléèwé àwọn ọmọ?

(Ilẹ̀ Karshi ṣì wà o.)

Bàbá Ìkìrun

Ọmọ Gwarinpa, mo fẹ́ràn rẹ, o máa ń sọ ohun tó wà nínú ẹ. Ìwọ ò tíì dáyé nígbà tí owó Údójì jáde.

Mo wà ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ ní 1972, Jerome Udoji ló ṣolórí rẹ̀, wọ́n jábọ̀ ní 1974. Ohun tó wà nínú àbọ̀ náà pọ̀: bí wọ́n ṣe lè máa fi ohun tí òṣìṣẹ́ ṣe wọn iṣẹ́ rẹ̀, bí wọ́n ṣe lè máa fi ètò tó ní ọjọ́ àti iye darí iléeṣẹ́, bí ọ̀gá ṣe gbọ́dọ̀ mọṣẹ́. Ó sì ní apá tó sọ pé kí wọ́n fowó kún owó oṣù. Apá yẹn ni ìjọba fi ìkánjú ṣe, pẹ̀lú àjẹsílẹ̀. Olùkọ́ ni bàbá mi ní Ìkìrun. Ó ra rédíò Grundig, ó gbé e sójú fèrèsé kí àdúgbò lè gbọ́. Gbogbo ìlú ra nǹkan lẹ́ẹ̀kan náà. Kò pẹ́ tí ìyá mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọjà dé pẹ̀lú agbọ̀n tí kò kún, tó ń ní, "Údójì ti gorí gaàrí."

Títí dòní, bí o bá dárúkọ Údójì fún àgbàlagbà, owó ló máa rántí. Ọkùnrin náà kọ ìwé ńlá lórí bí iṣẹ́ ọba ṣe lè dára, orúkọ rẹ̀ wá di orúkọ owó. Ìyókù ìwé náà ni mo lọ fi másítáàsì kà, èmi tí wọ́n dá sátífíkéètì padà fún. Nígbà tí mo wá di ọ̀gá, ohun tí mo bá nínú rẹ̀ ni mo fi ń mọ èyí tí n óò buwọ́ lù àti èyí tí n óò dá padà. Owó oṣù mi ò fi kọ́bọ̀ kan pọ̀ sí i nítorí rẹ̀, ìyẹn lo sọ tó jẹ́ òótọ́.

Ọmọ Gwarinpa

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ jẹ́ n lọ sùn.

Ìyá Tolú (Kubwa)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ṣèlérí pé màá padà wá jábọ̀.

Mo jókòó ti bàbá Tolú ní Sọ́ńdè tó kọjá, a ka gbogbo ohun tí ẹ kọ pọ̀, ó rẹ́rìn-ín títí dé ibi rélùwéè, ó wá dákẹ́. Ó ní òun ò fẹ́ kí n máa lọ Keffi ní Sátidé, kì í ṣe tìtorí àwọn ọmọ, tìtorí òun ni. Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ẹ̀. Nítorí náà, MPA ní NOUN ni. Mi ò fẹ́ PhD, Olùkọ́, mo ti bi ara mi dáadáa. Tí mo bá dé ibi iṣẹ́ ìwádìí, ogún fáìlì yẹn ni màá ṣe, mo tiẹ̀ ti mọ tábìlì tí ọjọ́ ń sọnù sí, àmọ́ mi ò ní sọ ọ́ síbí.

Mo ti kọ lẹ́tà náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tún un kọ. Ojú ewé méjì ló kọ́kọ́ jẹ́, mo rántí Arẹwà, mo sọ ọ́ di ẹyọ kan. Ọdún mẹ́ta ni mo kọ sí i, Alhaja. Ọ̀gá mi buwọ́ lù ú lójú ẹsẹ̀, ó ní òun ti ń retí ẹ̀. Láàárọ̀ yìí ni mo lọ bẹ ìyá tó ń tọ́jú fáìlì pé kí wọ́n jẹ́ kí n fi ojú ara mi rí i. Wọ́n wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ò pé, wọ́n ṣáà ṣí i.

Bàbá Ìkìrun

Nọ́ńbà mélòó ni wọ́n kọ sí i?

Ìyá Tolú (Kubwa)

31, sà. Bírò pupa.